Ìwé Tí Ọyakẹ́mi Tún Kà

Ọyakẹ́mi ń rọ epo pupa sínú bídọ́ọ̀nù ní ẹnu ìsọ̀ rẹ̀ ní Ifangni nígbà tí dírẹ́tọ̀, ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì ọmọ rẹ̀, wá bá a. Fámúyìwá ni wọ́n ń pè é, kì í sì í yà sọ́dọ̀ òbí kankan láìnídìí. Ó dúró títí bídọ́ọ̀nù fi kún, nítorí ẹni tó bá ń rọ epo kò gbọdọ̀ wo ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ló fa ìwé kan yọ nínú àpò rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì.

"Ìyá Philomène, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ mọ ìwé yìí?"

Ọyakẹ́mi fi àkísà nu ọwọ́ dáadáa kó tó mú un. Wọ́n ya odi gíga kan sára èèpo ìwé náà, àti ọmọbìnrin kan tó kọ ẹ̀yìn síni. Àwòrán náà kì í ṣe ti àtijọ́, ṣùgbọ́n orúkọ ìwé kò yí padà. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́. Ní Yorùbá, Ìlú Agogo là bá pè é.

"Mo mọ̀ ọ́n. Mi ò ju ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ nígbà tí mo kà á."

"Bon, ó dáa. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló gbé mi wá."

Ó jókòó, ó ṣàlàyé. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Samiratou, tó ń múra ìdánwò BEPC, ti sá kúrò nílé bàbá rẹ̀. Jẹ́láàní ni bàbá náà, ó ń fi ọkọ̀ akẹ́rù kó àgbàdo lọ sí Ìgòló, lẹ́bàá ẹnubodè. Ìyá ọmọ náà ti kú tipẹ́. Jẹ́láàní fẹ́ fi ọmọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí Fawziath, àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó ń ta oúnjẹ ní Ọ̀tà, ní Nàìjíríà. Samiratou kọ̀. Ó sọ fún bàbá rẹ̀ lójú àwọn ará àdúgbò pé kò yàtọ̀ sí àwọn Àgbà inú Ìlú Agogo, tí wọ́n máa ń pín iṣẹ́ fún ọmọ ọlọ́mọ láìbi í léèrè. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, wọn ò rí i nílé mọ́.

"Jẹ́láàní ní ìwé yìí ló ba ọmọ òun jẹ́," ni dírẹ́tọ̀ wí. "Ó fẹ́ ká kó gbogbo rẹ̀ kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́. Àwọn òbí mìíràn ti ń tì í lẹ́yìn."

"Ọmọ náà ńkọ́?"

"Ọ̀dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ ló wà, ní Ko-Koumolou. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló jẹ́wọ́ fún mi. Mi ò mọ̀ bóyá bàbá rẹ̀ mọ̀. Ẹ̀yin lẹ jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ òbí, ẹ sì ń kàwé. Ẹ bá wa kà á, kẹ́ ẹ wá sọ ohun tẹ́ ẹ bá rí níbẹ̀ fún ìpàdé. Ohun tẹ́ ẹ bá wí la máa ṣe."

Ó kù díẹ̀ kí Ọyakẹ́mi sọ pé kò sí ohun tí òun tún fẹ́ kà, pé ìwé náà dára, kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rántí pé òun kò ka òpin rẹ̀ rí. Ó gba ìwé náà.

Àlòkù ni ẹ̀dà tí òun àti Thérèse, ọ̀rẹ́ rẹ̀, kà nígbà èwe. Ọjà Àjàṣẹ́ ni Thérèse ti rà á, lọ́wọ́ ìyá kan tó ń fi ìwé àtijọ́ di ẹ̀pà fún àwọn oníbàárà. Ìyá náà ti ya àwọn ojú ewé tó kẹ́yìn lò kó tó gbà láti tà á. Ohun tó kù níbẹ̀ nìyí: ìlú kan wà tí odi yí ká, tí agogo ńlá kan ń ṣe àkóso rẹ̀. Bí agogo bá dún, àwọn ará ìlú á jí. Bó bá tún dún, wọ́n á jẹun. Bó bá dún lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n á sùn. Ọmọ tó bá ti pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àwọn Àgbà á pè é, wọ́n á fi irin pẹlẹbẹ kan lé e lọ́wọ́, iṣẹ́ tí wọ́n bá kọ síbẹ̀ ló máa ṣe títí tó fi máa kú. Kànga iyọ̀ ni wọ́n yàn fún Norane, níbi tí bàbá rẹ̀ kú sí. Norane sá lọ. Ìyá rẹ̀ lọ fẹjọ́ rẹ̀ sun àwọn ẹ̀ṣọ́. Norane ń gun òkè, àwọn ẹ̀ṣọ́ ń bọ̀ lẹ́yìn, ibẹ̀ ni ìwé tán sí.

Wọn ò lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Abẹ́ igi máńgòrò ilé-ẹ̀kọ́ ni àwọn méjèèjì ti hun òpin tiwọn. Norane kó ọ̀pọ̀ ọmọ jọ lẹ́yìn òkè, ó padà wá, ó fọ́ agogo, àwọn Àgbà sá. Thérèse ní kí wọ́n pa ìyá Norane. Ọyakẹ́mi ní rárá, kí wọ́n tì í mọ́ iyàrá tí kò ní fèrèsé. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ fún àwọn ẹlẹ́gbẹ́ wọn nìyẹn, títí àwọn fúnra wọn fi gbàgbé pé kò sí nínú ìwé. Lọ́dún yẹn gan-an ni bàbá Ọyakẹ́mi ní kó fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀, kó wá ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ nídìí epo. Ó kọ̀, ó sunkún, ó ní òun ò ní wọ kànga iyọ̀. Kò sí ẹni tó mọ ohun tó ń sọ, ṣùgbọ́n wọ́n fi í sílẹ̀, ó sì kàwé títí ó fi gba ìwé-ẹ̀rí BAC. Epo náà ló padà ń tà lónìí. Òun ló yàn án.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé náà ní ìsọ̀, bí oníbàárà bá ti lọ tán. Inú rẹ̀ kò dùn sí i rárá ní ìbẹ̀rẹ̀. Norane tí Ọyakẹ́mi ti fẹ́ràn bí ẹ̀gbọ́n ti di ọmọ tó ń rojọ́ ní gbogbo ojú ewé, bí ẹni pé kò sí ẹlòmíràn tí ìyà ń jẹ nílùú náà. Ọmọkùnrin kan tún wà, olójú bí eérú, tó máa ń yọ níbi tí wàhálà bá ti ṣẹlẹ̀; Thérèse ti kọ orúkọ ọmọkùnrin náà sára páálí ìwé tirẹ̀ nígbà kan. Báyìí Ọyakẹ́mi ń bi ara rẹ̀ pé ta ló ń fọ aṣọ funfun tí ọmọkùnrin náà ń wọ̀ kiri. Inú ọ̀pá irin oníhò ni oúnjẹ ìlú náà ń gbà wá sílé kálukú. Kò sí ẹni tó ń dáná, kò sì sí ẹni tó ń fọ ọ̀pá náà.

"Kí lò ń rẹ́rìn-ín sí?" ni Raphaël, ọkọ rẹ̀, bi í nígbà tó wá gbé oúnjẹ ọ̀sán fún un.

"Ìwé tí wọ́n ní ó ń ba ọmọ jẹ́ ni. Ọmọbìnrin kan ò jẹun láti àná, ó tún ń fo odi."

"Á jẹ́ pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ ò lè ba ọmọ kankan jẹ́ nìyẹn."

Ṣùgbọ́n bó ṣe ń kà á síwájú, ẹ̀rín náà dín kù. Norane ní àbúrò kan, Elio, ọmọ kékeré tó di ọwọ́ rẹ̀ mú ní orí kìíní, tó ń bẹ̀rù òkùnkùn. Lẹ́yìn tí Norane sá, kò sí ẹni tó dárúkọ ọmọ náà mọ́. Ọyakẹ́mi ṣí ìwé sẹ́yìn, ó ṣí i síwájú, kò rí i. Nígbà èwe, kò tilẹ̀ mọ̀ pé ọmọ náà wà.

Lẹ́yìn náà ló dé ibi tí ìyá ti lọ bá àwọn ẹ̀ṣọ́. Ó ti múra láti bínú. Gbólóhùn kan péré ni ìyá náà sọ: "Ọ̀nà odò ló gbà." Ọyakẹ́mi kà á kọjá, ó sì dúró. Ó ṣí ìwé padà sí ibi tí wọ́n ti sọ ìgbà èwe Norane. Ó rí i níbẹ̀: odò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ọmọ náà lọ nígbà kan, ìyá rẹ̀ ló fà á jáde, láti ìgbà náà kò jẹ́ sún mọ́ odò mọ́. Ìyá mọ̀. Ìyá náà sì rán àwọn ẹ̀ṣọ́ sí odò, nígbà tí ọmọ ń gun òkè. Oníbàárà kan dé, ó ń kí i, ó kí i títí, Ọyakẹ́mi kò gbọ́.

Òpin ìwé náà kúrú. Norane dé orí òkè ní òun nìkan. Kò sí ọmọ ogun, kò sí ọmọkùnrin olójú eérú. Ó gbọ́ agogo oúnjẹ láti ọ̀nà jíjìn, ebi sì pa á. Búrẹ́dì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò jẹ ẹ́, ó ń dúró kí ẹnìkan sọ fún un pé àkókò tó. Ibẹ̀ ni ìwé parí sí.

Ọjọ́ kejì, ó pe Thérèse lórí fóònù. Nọ́ọ̀sì ni Thérèse báyìí ní Àjàṣẹ́. Wọ́n kí ara wọn, wọ́n béèrè ọmọ àti ọkọ, kí Ọyakẹ́mi tó sọ ohun tó rí.

"Ìyá náà kò dà á," ló wí. "Irọ́ ló pa fún àwọn ẹ̀ṣọ́."

Thérèse ní, "O ń wá àwáwí fún un nítorí o ti di ìyá."

"Bóyá ni. Ṣùgbọ́n ó wà nínú ìwé."

"Ẹni tó kọ ọ́ gbàgbé ni. Ṣebí o ní kò rántí àbúrò Norane mọ́? Ẹni tó lè gbàgbé odindi ọmọ, ṣé kò lè gbàgbé pé ọmọbìnrin náà ń bẹ̀rù omi?"

Wọ́n bára wọn jiyàn títí ẹnìkan fi pe Thérèse níbi iṣẹ́. Kó tó pa fóònù, Thérèse ní, "Tí o bá lò ó tán, fi ránṣẹ́ sí mi. Mo fẹ́ rí òpin náà fúnra mi."

Ọyakẹ́mi mọ̀ pé òun lè kọ ìròyìn fún ìpàdé láti inú ìsọ̀ òun. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Elio kò kúrò lọ́kàn rẹ̀, ọmọ tí kò sẹ́ni tó béèrè rẹ̀. Ó gun zémì, ọ̀kadà akérò, lọ sí Ko-Koumolou.

Samiratou àti ìyá ìyá rẹ̀, Ràúfátù, ń bó ẹ̀gẹ́ ní ìdí òkìtì ńlá kan. Ọmọ náà rí àlejò, ó fẹ́ dìde, ìyá àgbà di aṣọ rẹ̀ mú.

"Jókòó. Ta ló fẹ́ jí ẹ gbé?"

Ọyakẹ́mi kúnlẹ̀ kí ìyá àgbà, ó gba ọ̀bẹ kan, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í bó ẹ̀gẹ́. Ó sọ ẹni tó rán òun, ó sì sọ ti ìwé náà.

"Mi ò tíì kà á tán, tàńtì," ni Samiratou wí. "Mo dé ibi tí ìyá rẹ̀ ti lọ fẹjọ́ sùn, inú bí mi, mo pa á dé."

"Kì í ṣe ìwé ló wá mú kó o sá?"

"Rárá o. Ìdánwò mi ni mo fẹ́ ṣe. Mo sọ ọ́ fún bàbá mi, wọn ò dá mi lóhùn. Mo tún sọ ọ́, wọ́n dìde. Ìgbà tí mo wá pè wọ́n ní Àgbà Ìlú Agogo ni wọ́n tó wo ojú mi."

"Kí lo rò nípa ìyá inú ìwé náà?"

"Ìyá burúkú ni. Ká ní èmi ni, mi ò ní bá a sọ̀rọ̀ mọ́ láéláé."

Ọyakẹ́mi la ẹnu. Gbogbo ọ̀rọ̀ odò ti wà létè rẹ̀. Ó wo ọmọ náà, bó ṣe ń bó ẹ̀gẹ́ pẹ̀lú ìbínú, ó sì rántí irú ayọ̀ tí òun rí nínú ìbínú yẹn nígbà tirẹ̀. Ó mú ẹ̀gẹ́ mìíràn.

"Kà á tán," ló wí.

"Ṣé ó dáa ní ìparí?"

"Kà á tán ná."

Nígbà tó ń lọ, Ràúfátù sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Bàbá rẹ̀ mọ̀ pé ibí ló wà. Ọjọ́ tó dé gan-an ni mo ránṣẹ́ sí i. Ilẹ̀ ọjọ́ náà ò tíì ṣú tí onízémì kan fi gbé báàgì rẹ̀ wá, gbogbo ìwé ìdánwò wà nínú rẹ̀. Ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìwọ ni mo sọ fún."

Láti ibẹ̀, Ọyakẹ́mi kọrí sí Ìgòló. Ó ti ní ọ̀rọ̀ líle nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ fún Jẹ́láàní, nípa ọmọbìnrin àti ilé-ẹ̀kọ́, ọ̀rọ̀ tí òun ì bá ti sọ fún bàbá tirẹ̀. Báyìí kò mọ èyí tó kù níbẹ̀ tó wúlò. Ó bá Jẹ́láàní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ rẹ̀, ó ń wo àwọn alárù tó ń já àpò àgbàdo. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún kò tọ́ dáadáa. Ó máa ń gbé e díẹ̀ bó bá ń rìn.

"Bàbá Samiratou, ẹ kú iṣẹ́. Ko-Koumolou ni mo ti ń bọ̀."

Ọkùnrin náà wò ó, ó wo àwọn alárù, ó fà á sẹ́yìn ọkọ̀.

"Ṣé ara rẹ̀ yá?"

"Ara rẹ̀ le. Ó ń kàwé. Mo gbọ́ ẹni tó fi àwọn ìwé náà ránṣẹ́."

Jẹ́láàní jókòó sórí àpò kan. "Nígbà tí mo ṣubú lórí alùpùpù tí ẹsẹ̀ mi kán, Fawziath ló gbé mi lọ sí Ọ̀tà. Òun ló ń wẹ̀ mí bí ọmọ tuntun, títí mo fi dìde rìn. Ẹni yẹn ló ní kí n fún òun lọ́mọ, kó wá máa ran òun lọ́wọ́. Ẹnu wo ni kí n fi sọ pé mi ò fún un? Mo ti ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ wá kọ̀. Mo mọ̀ pé ọmọ jàre, ìdánwò ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Donc, mo bá sọ fún Fawziath pé ìwé ló yí i lórí. Tó bá máa bínú, kó bínú sí ìwé. Ìwé ò ní ẹbí."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Ọyakẹ́mi, ó gbé e mì. "Ìdí tẹ́ ẹ fi fẹ́ kí wọ́n kó ìwé náà kúrò nìyẹn?"

"Àbúrò mi ní tó bá jẹ́ pé lóòótọ́ ìwé ni, kí ló dé tó ṣì wà nílé-ẹ̀kọ́." Ó fi ọwọ́ nu ojú. "Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ọmọ náà sọ sí mi dùn mí. Mo bi olùkọ́ kan pé irú èèyàn wo ni àwọn Àgbà yẹn, ó ṣàlàyé fún mi. Ìyá Philomène, ṣé bẹ́ẹ̀ ni mo rí?"

"Rárá. Ẹnìkan wà nínú ìwé náà tẹ́ ẹ jọ díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn Àgbà."

Ó wá sọ ìtàn ìyá Norane fún un, pẹ̀lú òkè àti odò. Jẹ́láàní tẹ́tí sí i. Nígbà tó parí, ó ní, "Ọmọ náà padà mọ̀?"

"Ìwé ò sọ."

"Ẹni tó kọ ọ́ ì bá ti sọ."

Àwọn alárù parí iṣẹ́, wọ́n ń pè é. Ọyakẹ́mi ní, "Ẹ sọ òótọ́ fún àbúrò yín. Màá wá jókòó tì yín tẹ́ ẹ bá fẹ́. Tí a bá kó ìwé yìí lọ nítorí ẹbí yín, ọmọ mìíràn ò ní rí i kà." Jẹ́láàní kò ṣèlérí kankan. Ó dúpẹ́, ó lọ bá àwọn alárù.

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e ni Jẹ́láàní ránṣẹ́ pe Ọyakẹ́mi. Fawziath ti dé láti Ọ̀tà, obìnrin tó sanra díẹ̀, tí ohùn rẹ̀ ga. Jẹ́láàní bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn, ó sọ ti ojú ọjọ́, ó sọ ti ẹnubodè. Nígbà tó yá, ó tú u jáde pé òun kò fẹ́ kí ọmọ náà fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀, pé òun ló tijú láti sọ ọ́, pé ìwé kò mọ nǹkan kan nínú rẹ̀.

Fawziath kò pariwo, bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rù. Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Bọ̀dá, ẹ̀yin lẹ ń ráhùn sí mi pé ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ń wọ̀ yín lọ́rùn. Mo rò pé mò ń ràn yín lọ́wọ́ ni. Ṣé mo jọ ẹni tó fẹ́ fi ọmọ yín ṣẹrú?"

"O ò jọ ọ́."

"Ẹ wá jẹ́ kí n máa bá ìwé jà káàkiri. Mo ti sọ ọ́ fún gbogbo èèyàn ní Ọ̀tà."

Ọyakẹ́mi bá wọn bẹ̀bẹ̀, ó sọ ìwọ̀nba tó yẹ kí àlejò sọ. Fawziath kò jẹ oúnjẹ tí wọ́n gbé kalẹ̀. Kó tó dìde, ó ní bí ọmọ náà bá ṣe ìdánwò tán, tó sì wù ú, kó wá lo ọlidé lọ́dọ̀ òun. Tí kò bá wù ú, kó jókòó. Kò jẹ́ kí Jẹ́láàní sin òun dé ẹnubodè.

Samiratou padà sílé lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí ìpàdé òbí dé, Jẹ́láàní dìde, ó ní òun ti mú ẹ̀sùn òun kúrò. Àwọn kan kò fara mọ́ ọn síbẹ̀. Bàbá kan láti Daagbé ní ìwé tí ọmọ ti ń tàpá sí àgbà kò ní oore nínú. Ọyakẹ́mi sọ fún wọn pé òun ti kà á lẹ́ẹ̀mejì, pé ìwé náà kò dára tó bí òun ṣe rò nígbà èwe, ó sì dára ju bẹ́ẹ̀ lọ níbi tí òun kò wò. Ó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, kí olùkọ́ máa bi àwọn ọmọ léèrè nípa àwọn tí Norane fi sílẹ̀ sẹ́yìn. Ó fi ìwé náà lọ bàbá ará Daagbé pé kó mú un lọ kà. Bàbá náà ní òun ò ní àyè. Wọ́n dìbò, ìwé náà dúró.

Philomène, ọmọ Ọyakẹ́mi, tó gbọ́ gbogbo ariwo yìí, mú un kà. Ìdajì ló kà, ó ní ó ti gùn jù.

Samiratou ṣe ìdánwò rẹ̀, ó yege. Nígbà ọlidé, òun fúnra rẹ̀ ló ní òun fẹ́ lọ sí Ọ̀tà, kó lè lọ bẹ àǹtí rẹ̀. Fawziath gbà á, ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tẹ ẹ̀bà fún ọ̀pọ̀ èèyàn láìjẹ́ kó ní kókó. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ fẹ́ wọlé, Jẹ́láàní lọ dúró dè é ní Ìgòló. Fawziath ló mú un kọjá ẹnubodè wá. Ó kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó béèrè ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì gbà láti jókòó sínú ọkọ̀ fún ìgbà díẹ̀ kó tó padà.